Mo Lọ Wá Orúkọ Ohun Tó Pa Ewúrẹ́ Màmá Mi

Ẹ̀yin tí ẹ sìn mí dé ìdí ọkọ̀ ní Arakale, tí ẹ ń pariwo pé kí n má gbàgbé yín, mo ti dé o. N kò sanra, n kò sì pupa sí i. Àwọn tó ń retí kí n máa fi imú sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ni. Ẹ ní kí n wá sọ bí ibẹ̀ ti rí àti bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń ṣe. Mo máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rí nǹkan mìíràn níbẹ̀ tí n kò lè jẹ́ kó kú sí mi nínú. Ẹ ó gbọ́ ọ pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Àkúrẹ́ níbí. Ọkọ mi ń ṣe olùkọ́ ní Oǹdó, òpin ọ̀sẹ̀ la sì máa ń ríra, torí owó ọkọ̀ ìgbà Sáàpù tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó yìí kì í ṣe ohun tí olùkọ́ ń san lójoojúmọ́. Ilé ìkàwé wa náà ń jìyà tirẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti rí ìwé ìwádìí tuntun gbà, ìwé tó ti gbó ni àwọn tó ń kọ́ni nípa ẹran ọ̀sìn fi ń kọ́ ọmọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n lọ sí ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí n lọ kọ́ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà wá ìwé ìwádìí nípa ẹran, irúgbìn àti àrùn wọn.

Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn. Mo ní iṣẹ́ tèmi lọ́tọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, gbogbo ewúrẹ́ màmá mi ní Ìjù kú tán, tọmọ tìyá. Opó ni màmá mi, èmi nìkan ló sì bí. Ewúrẹ́ wọ̀nyẹn ló gbójú lé. Àdúgbò kò sì wá ọ̀rọ̀ náà lọ jìnnà rárá, wọ́n ní Ìyá Bọ́sẹ̀ ló fún wọn ní májèlé jẹ.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ni aládùúgbò wa, ọ̀rẹ́ màmá mi láti ìgbà tí wọn kò tí ì bí mi. Láfún ló ń ṣe tà. Orí àpáta ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló ti ń sá a, ewúrẹ́ màmá mi kì í sì í jẹ́ kó gbẹ tán. Lọ́jọ́ kan, inú bí i, ó pariwo kí gbogbo ayé gbọ́: “Èyí tó bá tún fẹnu kan láfún mi nínú yín, á rí i!” Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Òun kò sin ewúrẹ́, nítorí náà kò sí èyí tó kú fún un. Ó ti tán nìyẹn. Màmá mi kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, ó sì kúrò lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n jọ ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló tún máa ra láfún lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ní ó mọ májèlé pò?

Nígbà tí mo lọ dágbére, màmá mi di ọwọ́ mi mú. “Fúnmi, níbi tí o ń lọ yìí, bá mi wá ohun tó pa ẹran ulé mi. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí n fi hàn án lójú ara rẹ̀.” Mo ní, “Màmá, màá mú un bọ̀.” Èmi náà gbà pé Ìyá Bọ́sẹ̀ ni.

Dídé

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, àìkíra ni. Mo dé ibùdókọ̀ láàárọ̀, mo bá èèyàn márùn-ún tí wọ́n tò, mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọlúàbí. Ọkùnrin kan wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Obìnrin kan di báàgì rẹ̀ mú. Láti ọjọ́ náà lọ, mo kọ́ bí a ti ń wo ilẹ̀.

Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni wọ́n o. Ọkùnrin kan náà yẹn, nígbà tó rí i lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e pé mo ń gbọ̀n, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ fún mi, mo dúpẹ́, ó sì wọkọ̀ lọ. Mo ń wá a kiri láti dúpẹ́ àná. Nígbà tí mo rí i tí mo dúpẹ́, ojú tì í, ó pupa títí dé etí. Níbẹ̀, tí o bá dúpẹ́ lónìí, kò yẹ kí o tún dúpẹ́ lọ́la. Ó ń ṣe wọ́n bíi pé o tún fẹ́ gba nǹkan mìíràn.

Ẹni tó ń kọ́ wa ní ilé ìkàwé ńlá náà jẹ́ obìnrin tó ju màmá mi lọ lọ́jọ́ orí. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, “Hẹ́lẹ́nì ni mo ń jẹ́, máa pè mí ní Hẹ́lẹ́nì.” Èmi kẹ̀? Kí n máa pe ìyá arúgbó lórúkọ gbà-ǹ-gbà? Mo ní, “Ẹ ṣé, mà.” Ó tún un sọ. Mo tún ní, “Ó dáa, mà.” Nígbà tó yá, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì fi mí sílẹ̀.

Oúnjẹ

Ẹ sáà ti mọ̀ pé ẹ ó bi mí. Ànàmọ́ òyìnbó ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Wọ́n ń bọ̀ ọ́, wọ́n ń sun ún, wọ́n ń gún un, ó sì ń jẹ́ ànàmọ́ síbẹ̀. Iyọ̀ wà lórí tábìlì, ẹni tó bá fẹ́ kó bù ú fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni kò kan ẹni tó se oúnjẹ.

Mo fi ata gígún pamọ́ sínú àpótí mi. Lọ́jọ́ tí mo da díẹ̀ sínú epo gbígbóná nílé tí mo wọ̀ sí, gbogbo ilé sín títí ológbò fi sá jáde. Obìnrin tó ni ilé náà ṣí fèrèsé, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo rò pé ó máa lé mi ni. Lọ́jọ́ kejì ló rọra wá kan ilẹ̀kùn mi, ó gbé àwo ẹyin dání, ó ní ṣé mo lè wọ́n díẹ̀ sí i fún òun. Ọ̀rẹ́ mi nìyẹn títí mo fi kúrò.

Ìwé àwọn orúkọ

Iṣẹ́ gan-an wá kù. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, àwo pẹlẹbẹ tó ń dán ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, orí àwo wọ̀nyẹn ni àkọsílẹ̀ ìwé ìwádìí gbogbo ayé wà. Mo rò pé èèyàn kàn máa tẹ ohun tó ń wá ni, kó máa wo bí ìwé ti ń tú jáde. Irọ́ ni. Ìyá Hẹ́lẹ́nì gbé ìwé kan sílẹ̀ níwájú wa, ó wúwo ju Bíbélì orí pẹpẹ lọ. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ wo inú rẹ̀.

Orúkọ ló kún inú ìwé náà, kò sí nǹkan mìíràn. Ohun kan lè ní orúkọ mẹ́wàá láyé, ìwé yẹn máa mú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, á ní èyí ni kí gbogbo wa máa lò. Àwọn mẹ́sàn-án tó kù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, lẹ́tà títẹ̀, tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ni wọ́n fi kọ wọ́n, wọ́n sì kọ ọ́ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: má lo èyí, lo tọ̀hún. Lábẹ́ orúkọ tí wọ́n yàn, o máa rí agbo ńlá tí nǹkan náà wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, àti àwọn ìbátan rẹ̀ tó yẹ kí o yà wò. Àwọn tó ń to ìwé ìwádìí sínú ẹ̀rọ kì í lo orúkọ mìíràn. Tí o bá fi orúkọ tó wù ọ́ béèrè, àwọn ìwé tí o nílò máa wà níbẹ̀, ẹ̀rọ á sì sọ fún ọ pé kò sí.

Àwọn akẹgbẹ́ mi ń ráhùn pé ìyà kí lèyí. Èmi ń rẹ́rìn-ín ní tèmi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ mi ní Oǹdó, n kò pe àbúrò rẹ̀ kankan lórúkọ àbísọ rí. Akọ́wé ni mò ń pe ọkùnrin, Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń pe obìnrin. Orúkọ tí ìyàwó gbọ́dọ̀ pè wà, èyí tí kò gbọ́dọ̀ pè wà. Kí ló wá le nínú ìyẹn? Ní ọ̀sẹ̀ kejì, èmi ni mo ń kọ́ àwọn yòókù.

Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ṣògo

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, wọ́n ní kí olúkúlùkù wá ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Inú mi dùn! Mo wo ìwé orúkọ, mo mú orúkọ ewúrẹ́ bó ti tọ́, mo mú ti májèlé bó ti tọ́, mo tún fi ti ẹ̀gẹ́ kún un, torí ara ẹ̀gẹ́ ni láfún ti ń wá. Gbogbo orúkọ náà ló tọ́. Ìwé tú jáde bí òjò. Mo rí i kà pé oró wà nínú ẹ̀gẹ́ tí kò tí ì jiná, pé ó lè pa ẹran. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tẹ ìwé yẹn jáde. Lọ́kàn mi, mo ní, “Ìyá Bọ́sẹ̀, ọwọ́ ti tẹ̀ yín lónìí.”

Ìyá Hẹ́lẹ́nì wá dúró lẹ́yìn mi. Ó ka ohun tí mo tẹ̀. “Ewúrẹ́ yín, ṣé wọ́n kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?”

Mo ní, “Rárá, mà. Ó gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ kan.”

“Oró ẹ̀gẹ́ kì í dúró di ọ̀sẹ̀ kan. Ta ló sọ fún ọ pé májèlé ni?”

“Gbogbo èèyàn ló mọ̀, mà.”

Ó fa àga, ó jókòó. “Fúnmi, májèlé lo ní kí ẹ̀rọ wá fún ọ, òun náà ló wá fún ọ. Fi ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ sílẹ̀. Ohun tí ìwọ fojú rí lára àwọn ẹran náà, kọ ọ́ síbí.”

Inú bí mi o, n kò níí parọ́. Kí ló kàn án? Ṣé òun ló bí màmá mi ni? Ṣùgbọ́n mo mú bírò. Mo kọ ọ́ pé ojú wọn ń ṣepin, imú wọn ń ṣomi, ẹnu wọn di egbò, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n sì ń ṣu gbuuru. Àwọn kéékèèké ló kọ́kọ́ ń lọ. Bí mo ti ń kọ ọ́, mo rí i pé kò sí ohun tó jọ oúnjẹ nínú rẹ̀. Mo rántí pé àwọn tó ń ta ẹran lọ́jà Àkúrẹ́ ní orúkọ kan tí wọ́n ń pe irú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Kátà ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wa, mà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjà ni.”

Ó ní, “Wò ó nínú ìwé.”

Mo ṣí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó wà níbẹ̀! Kátà tiwa, nínú ìwé òyìnbó, ní lẹ́tà títẹ̀: má lo èyí, lo peste des petits ruminants. Èdè Faransé ni, ó túmọ̀ sí àjàkálẹ̀ àrùn àwọn ẹran kéékèèké. Mo pariwo débi pé gbogbo ilé ìkàwé yíjú sí mi. Ta ló sọ ọ́ fún wọn? Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú náà, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ẹnì kan tó mọ̀ mí.

Ohun tí mo kà

Mo fi orúkọ tí wọ́n yàn béèrè. Àwọn ìwé tó jáde kò jọ ti tẹ́lẹ̀ rárá. Ojú, imú, ẹnu, ikọ́, gbogbo ohun tí mo kọ síwèé ló wà nínú wọn. Wọ́n kọ púpọ̀ nínú wọn ní Nàìjíríà níbí, àwọn kan láti Ìbàdàn, tí a lè fi òwúrọ̀ kan dé. A wà nítòsí wọn, a kò rí wọn kà.

Ìyá Hẹ́lẹ́nì ní kí n má tí ì dìde. Ó fi ìka han àwọn ìbátan orúkọ náà nínú ìwé, èyí tó sọ nípa bí àrùn ti ń ràn. Mo fi ìyẹn kún un. Mo kà á pé ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà ló sábà máa ń gbé e wọ agboolé. Á wúkọ́ díẹ̀, ẹni tó rà á á rò pé ìrìn ló rẹ̀ ẹ́. Wọ́n á tú u sáàárín àwọn yòókù. Kò ní pẹ́ tí wọn á fi bẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀rọ.

Láti òkè títí dé ibí, n kò sọ ọ̀rọ̀ ẹran kan fún yín. Kì í ṣe pé mo fi í pamọ́, kò sí lọ́kàn mi rárá. Lọ́dún tuntun, wọ́n fi màmá mi jẹ olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ rẹ̀, mo ra abo ewúrẹ́ kan fún un lọ́jà Àkúrẹ́, dúdú, ó ń dán, mo gbé e sẹ́yìn takisí, ó di Ìjù. Ó ń wúkọ́ lọ́nà. Awakọ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹran mi fẹ́ kọrin ìdúpẹ́, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Màmá mi tú u sílẹ̀ sáàárín àwọn tiẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ kú, kó tó wá kan àwọn kéékèèké.

Èmi ni. Èmi Fúnmi ni mo fi owó mi ra ikú ewúrẹ́ màmá mi, tí mo gbé e fún un pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo sunkún níbẹ̀, n kò bìkítà fún ẹni tó ń wò. Ìyá Hẹ́lẹ́nì kò bi mí léèrè. Ó lọ bu tíì wá, ó sì jókòó tì mí títí mo fi mu ún tán.

Ìwé méjì ni mo kó sínú àpótí: ti oró ẹ̀gẹ́ àti ti kátà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Mo rò ó dáadáa pé kí n fún màmá mi ní ti ẹ̀gẹ́. Ta ló máa mọ̀ ní Ìjù?

Oǹdó, kí n tó dé Ìjù

Nígbà tí mo dé, Oǹdó ni mo sá lọ. Mo ní mo fẹ́ sinmi. Lọ́jọ́ karùn-ún, ìyá ọkọ mi pè mí sí ìdí ààrò. “Ìyàwó wa, o lọ sókè òkun, o bọ̀, o kò tí ì lọ kí ìyá tó bí ọ. Ṣé èmi ni mo dá ọ dúró?” Ojú tì mí. Mo wọlé, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi.

Ó fà mí jókòó tì í. Ó wá ní, “O kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí.”

Mo ní, “Wọ́n ń bá Ìyá Bọ́sẹ̀ wí.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọkọ̀. Mo ya ìwé oró ẹ̀gẹ́ ní ibùdókọ̀ kí ọkàn mi má bàa yí padà.

Ìjù

Màmá mi kò tí ì jẹ́ kí n jókòó tó fi ní, “Ṣé o rí i?”

Mo ní, “Mo rí i, Màmá. Àrùn ni. Ẹran tí mo rà fún yín lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ló gbé e wá.”

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣeré ni. Mo wá tú ìwé náà fún un ní Yorùbá, láti òkè délẹ̀. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ká ìwé yẹn, kí o fi í sínú báàgì rẹ. Ẹnikẹ́ni kò bi ọ́.”

“Màmá, Ìyá Bọ́sẹ̀ ńkọ́?”

“Mo ní ẹnikẹ́ni kò bi ọ́! Ṣé kí wọ́n máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìlú yìí, kí wọ́n ní ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ló pa mí lẹ́ran?”

N kò bá a jiyàn rí láyé mi. Mo ní, “Ẹ dárí jì mí, Màmá,” mo ṣí ilẹ̀kùn, mo jáde.

Ìyá Bọ́sẹ̀ wà lórí àpáta, ó ń sá láfún díẹ̀, ìwọ̀nba èyí tí òun máa jẹ. Ó ti rù. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́, n kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí mo fi sọ tán.

Ó ní, “Mo mọ̀.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀, mà?”

“Lọ́jọ́ tí o gbé e dé, mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Mo rí i tí imú rẹ̀ ń ṣomi. N kò mọ irú àìsàn tó jẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo wá wo ìyá rẹ, ó ń jó, ó ń pe gbogbo àdúgbò kí wọ́n wá wo ohun tí Fúnmi rà fún òun. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, n kò tí ì rí i kó jó. Ẹnu mi kò gbé e.”

“Nígbà tí wọ́n wá ń pè yín ní apẹran ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́?”

Ó fi etí aṣọ nu ọwọ́. “Kí n sọ ọ́, kó máa bínú sí ìwọ? Èmi, tó bá bínú sí mi, ó ṣì ní ọ. Ta ló máa kù fún un tó bá bínú sí ọ?”

Mo ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Màmá mi ti tẹ̀lé mi, ó ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ti gbọ́. Ó wá síwájú, òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, tí n kò rí kó kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní àdúgbò yẹn rí, ó sì kúnlẹ̀ sórí àpáta. Ìyá Bọ́sẹ̀ ké, “Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fẹ́ pa mí ni?” Nígbà tí màmá mi kọ̀ tí kò dìde, òun náà kúnlẹ̀. Àwa mẹ́ta wà lórí eékún nínú oòrùn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde.

Obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ dúró, igi ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ìyá, kí ló ṣẹlẹ̀?”

Màmá mi gbé orí sókè. Ohùn tó fi ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fi dá a lóhùn, tí wọ́n fi gbọ́ ọ dé òdìkejì títì: “Ẹran tí Fúnmi rà fún mi ló kó àrùn wá. Kì í ṣe Ìyá Bọ́sẹ̀. Bá mi sọ fún wọn, kí o má fi orúkọ ọmọ mi pamọ́.”